Ojú Tẹ́ẹ́rẹ́, Orúkọ Fèrè

[Ìpè kan ní ọ̀sán. Ẹni tó pè ni ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kíréènì ní èbúté. Ẹni tó gbé e ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, télọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń kù.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò! Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàsán, sà.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, káàsán o. Ṣé dáadáa ni? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Wọ́n wà o. Ara yín ńkọ́? Ẹ ti lo oògùn?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti lò ó. Ọkọ rẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ó wà níbi iṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, oníbàárà kan dúró lé mi lórí báyìí, aṣọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ n pè yín pa —

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró, dúró! Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo fẹ́ sọ fún ẹ. Kò ní pẹ́.

ÀBÚRÒ: Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín? Ó dáa, ẹ sọ ọ́ kíá.

[Atẹ́gùn fẹ́ wọnú fóònù.]

ÀBÚRÒ: Kí ló ń hó bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé ìta lẹ wà ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Atẹ́gùn omi ni. Mo wà ní èbúté.

ÀBÚRÒ: Èbúté wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Èbúté mélòó la ní? Ibi iṣẹ́ wa. Yáàdì wa àtijọ́.

ÀBÚRÒ: Haa! Ta ló gbé yín débẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹsẹ̀ mi àti bọ́ọ̀sì.

ÀBÚRÒ: Ìyàwó ọmọ yín mọ̀ sí i?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní mò ń lọ gba atẹ́gùn sára. Ṣé irọ́ ni mo pa? Atẹ́gùn ló ń fẹ́ yìí.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi! Dókítà ní kẹ́ ẹ má rìn jìnnà!

Ẹ̀GBỌ́N: Dókítà ò ní kí n jókòó títí n ó fi di àga. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́sibítù, àjà ilé ni mò ń kà. Mo ti mọ gbogbo ibi tó ti sán. Ṣé — [krrr] — gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Ẹ sún kúrò lójú atẹ́gùn.

[Ìró ẹsẹ̀ lórí pákó.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa báyìí? Àbúrò mi, tó o bá rí ibí, o ò ní mọ̀ ọ́n. Ilé ẹrù tí sìmẹ́ǹtì máa ń kún dé òrùlé, àwọn amọ̀kòkò ló wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jó irin, wọ́n fi gíláàsì ṣe ojú ẹ̀ láti òkè délẹ̀, àwọn kan jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ya ẹja. Ẹja! Wọ́n kọ ẹ̀yìn sómi, wọ́n ń ya ẹja láti orí kọ̀ǹpútà.

ÀBÚRÒ: [rẹ́rìn-ín] Ẹ̀yin náà!

Ẹ̀GBỌ́N: Kíréènì mi ńkọ́? Wọ́n kùn ún ní píńkì.

ÀBÚRÒ: Píńkì kẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Píńkì bí ètè ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Wọ́n ń gùn ún lọ sókè láti lọ mu kọfí. Ibi tí ìtọ̀ ti máa ń gbọ̀n mí tí n ò lè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tò sórí ìlà kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn irin tó ti dógùn-ún, èyí tí ọ̀gá máa ń tìtorí ẹ̀ bú wa pé ká ha á, ká ha á, wọ́n ti da nǹkan tó ń dán lé e lórí kí ògùn-ún ẹ̀ má baà ṣí kúrò. Wọ́n ní ẹwà ni.

ÀBÚRÒ: Ayé yìí! Ṣé ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ọ̀hún?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó tì o. N ò tíì dé ibẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ta lẹ tiẹ̀ bá níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: N ò bá ẹnì kankan. Èrò pọ̀ o, ṣùgbọ́n n ò mọ ìkankan. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n ń kí èèyàn. Ọ̀kan sáré wá bá mi, ó ní, "Welcome, sir. Are you looking for someone?" Mo ní rárá.

ÀBÚRÒ: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Irọ́ ni mo pa. Àtìgbà tí mo dé ni mò ń wojú èèyàn, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ará ìgbà náà lè yọ. Kí ẹnì kan tiẹ̀ ṣáà pè mí ní Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Bàbá àgbà, bàbá àgbà ni wọ́n ń pè mí nílé, bí ẹni tí kò lórúkọ rí.

[Ẹ̀rọ ìránṣọ rọlẹ̀ díẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá sìn yín lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo mọ̀ níbẹ̀? Èmi àti Fèrè la jọ ṣàdéhùn. Ọjọ́ kan náà la jọ wọṣẹ́, ọjọ́ kan náà la jọ kúrò, a sì ní tí wọ́n bá ti tún ibẹ̀ ṣe tán, a ó jọ lọ wò ó, ká lọ bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ti ní Fèrè lọ kí ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Mo dúró títí, kò dé. Sùúrù mi tán.

ÀBÚRÒ: … Ẹ ò bá ṣáà tún dúró.

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró dà? Ṣé ọmọ ọdún méjìlá ni mí?

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi, oníbàárà yìí —

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa, gbọ́. Ògiri kan wà níbí. Ògiri ilé ẹrù ńlá yẹn, tó kọjú sómi. Wọ́n ń ya ojú àwa òṣìṣẹ́ àtijọ́ sí i. Ojú kọ̀ọ̀kan ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí fọ́máànù wa, imú rẹ̀ ṣì wú bó ṣe máa ń wú tó bá ń bínú. Mo rí ìyá tó ń dáná fún wa. Mo rí Ọlọ́ṣẹ, ẹni tí kì í wẹ̀ yẹn. Mò ń rìn lọ, mò ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí mo ṣe kan ara mi.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀? Ẹ kú oríire o!

Ẹ̀GBỌ́N: Má tíì kí mi. Obìnrin tó ń yà á wà lórí àkàbà. Mo nawọ́ sí àwòrán náà, mo ní, "Madam, èmi rè é." Ó wò mí. Ó wo ògiri. Ó tún wò mí. Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Kí ló dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ní àwọn tó ti kú nìkan ni wọ́n ń yà sára ògiri yẹn!

[Ó ń rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gbà á.]

ÀBÚRÒ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀yin ò ní kú! Orí mi ò! Ẹ sọ fún un kó pa á rẹ́ kíá! Kíákíá!

Ẹ̀GBỌ́N: Fọkàn balẹ̀. Òkú kì í wọ bọ́ọ̀sì.

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà! Ta ló sọ fún un pé ẹ ti kú? Ta ni elénìní yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sẹ́ni tó ní mo kú. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé èmi ló ń yà. Orúkọ tó kọ sábẹ́ ojú mi, FÈRÈ ni.

[Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Fèrè ló kọ. Gàdàgbà.

ÀBÚRÒ: Mo … mo gbọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Akoto ló fà á. Akoto tá a máa ń dé síbi iṣẹ́. O ò lè mọ̀, a kì í sọ ọ́ nílé. Ṣó o rí i, iṣẹ́ kíréènì, ẹni méjì ní í ṣe é. Èmi wà lókè, n ò rí ilẹ̀ tán. Òun wà nílẹ̀, ó ń fọn fèrè sí mi: tó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí n gbé e, tó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹrù tó ń fì lókè yẹn, abẹ́ ẹ̀ ló dúró sí. Fọ́máànù wá kọ ìnagijẹ kálukú síwájú akoto rẹ̀. Láràárọ̀, ká tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń pààrọ̀. Èmi á dé ti Fèrè, òun á dé ti Tẹ́ẹ́rẹ́.

ÀBÚRÒ: Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pààrọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n má baà gbàgbé ni. Èèyàn lè gbàgbé níbi tó ga bẹ́ẹ̀. Tọ́wọ́ mi bá kan akoto, màá rántí orí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nírọ̀lẹ́, kálukú á gba tiẹ̀ padà, a ó jọ gba géètì jáde. Fọ́tò tí obìnrin yìí rí nínú fáìlì iléeṣẹ́ àtijọ́, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti yà á. Ojú mi ni, akoto Fèrè ló wà lórí mi. Obìnrin náà ka orúkọ ara akoto, ó ya ojú tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó yé ẹ?

ÀBÚRÒ: … Ó yé mi.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò rẹ́rìn-ín.

ÀBÚRÒ: Mo … mo ń rẹ́rìn-ín, sà.

Ẹ̀GBỌ́N: Inú mi dùn débi pé mo ní kí n pe Fèrè, kí n sọ fún un pé wọ́n ti pa á níbí, ojú mi ni wọ́n sì fi sin ín. Ẹ̀rín á pa á! Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ. "Switched off" ni ṣáá. Fún mi ní nọ́ńbà ọmọ ẹ̀ tó lọ kí yẹn.

ÀBÚRÒ: Nọ́ńbà … kò sí lórí fóònù tèmi yìí. Network ibẹ̀ gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ —

Ẹ̀GBỌ́N: Network òkè òkun ni ò dáa?

ÀBÚRÒ: Ẹ tiẹ̀ ti jẹun ọ̀sán? Ebi ò gbọdọ̀ pa yín nínú oòrùn yẹn o. Ẹ wá nǹkan jẹ, ẹ wá ibì kan jókòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo jókòó.

ÀBÚRÒ: Ẹ mu omi.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, ohun kan ló tún ń rú mi lójú. Mo bi obìnrin ayàwòrán yẹn pé ta ló ní Fèrè kú. Ó ní ọmọ ẹ̀ ni. Ó ní ọmọ ẹ̀ obìnrin ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbí, tó ń sunkún, tó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fi bàbá òun kún un. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ obìnrin kan ṣoṣo ni Fèrè bí, òun náà ni Fèrè sì lọ kí. Àbí?

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? N ò gbọ́ yín dáadáa —

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní ọmọ Fèrè —

ÀBÚRÒ: Ó ń já! Network yìí ti ń já —

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Hẹ́lò? Bọ̀ọ̀dá mi?

Ẹ̀GBỌ́N: O gbọ́ mi.

[Ohùn obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù: "Aunty télọ̀, kí ló ṣe yín?"]

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ oníbàárà rẹ. Mò ń gbọ́ bó o ṣe ń mí. Kò sóhun tó ń já níbẹ̀. Láti kékeré, tó o bá fẹ́ purọ́ fún mi, wàá kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé. Tẹ́ ẹ bá dé, a ó sọ ọ́. Irú èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri níbí. Gbogbo ẹni tó wá mu kọfí ló ń kà á. Sọ ọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi. Mo bẹ̀ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló kù tó lè jẹ́?

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá Fèrè ti — [krrr] — òru ọjọ́ — [krrr]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó já. Ní tòótọ́ báyìí, ó já. Tún un sọ.

ÀBÚRÒ: Haa, Bọ̀ọ̀dá mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Tún un sọ.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá Fèrè ti kú.

[Atẹ́gùn. Ẹ̀rín àwọn èèyàn lókèèrè, ìró ife.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ mí sókè. Ṣé àyà ń dùn yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà wo?

ÀBÚRÒ: Nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́sibítù. Wáyà kún àyà yín. Dókítà ní ọ̀rọ̀ tó wúwo ò gbọdọ̀ dé etí yín. Ta ni ìbá túfọ̀ fún yín lórí ibùsùn yẹn? A ní tí ara yín bá le. Ara yín le díẹ̀, a ní ó dọ̀la. Ilẹ̀ mọ́, a tún ní ó dọ̀la. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń le sí i lẹ́nu wa.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ti sin ín?

ÀBÚRÒ: A ti sin ín, sà.

Ẹ̀GBỌ́N: Láìsí mi níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Láìsí yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó béèrè mi?

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo bi ẹ́ léèrè.

ÀBÚRÒ: Ó béèrè yín. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lẹ sọ fún un?

ÀBÚRÒ: A ò fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀yin náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Òun náà ò lágbára. A ní … a ní ẹ lọ kí ọmọ yín lókè òkun.

Ẹ̀GBỌ́N: Irọ́ kan náà.

ÀBÚRÒ: Ẹ forí jì wá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ò tiẹ̀ wá òmíràn sí i. Irọ́ kan lẹ pín fún ẹni méjì bí ẹni pín ẹ̀wù. Ó wá kú pẹ̀lú èrò pé mo wà níbì kan tí mò ń jayé, tí n ò rántí òun.

ÀBÚRÒ: Kò rò bẹ́ẹ̀! Mo wà níbẹ̀, mo fi etí mi gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbádùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá jókòó lókè."

[Ẹ̀gbọ́n fọn imú.]

Ẹ̀GBỌ́N: Mo bínú sí i, ṣó o mọ̀? Gbogbo ìgbà yìí. Mo ní, wò ó, ó dé òkè òkun, ó pa fóònù, ó ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tuntun. Mo ti múra èébú tí n ó fi pàdé ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ bú mi dípò. Ẹ bú mi, Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni mo jẹ̀bi.

Ẹ̀GBỌ́N: N ò ní bú ẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ bú mi!

Ẹ̀GBỌ́N: Tí mo bá bú ẹ, tó o bínú, ta ni n ó tún máa pè? Mo wo fóònù yìí lẹ́ẹ̀kan kí n tó pè ẹ́. Orúkọ tó kù níbẹ̀ tó ń gbé ìpè mi ò pọ̀. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ níbí ló wà lára ògiri. Ó dùn mí, àbúrò mi. Mo dá wà débi pé ó ń dùn mí lára, bí eegun.

[Àbúrò ń sunkún. Ohùn obìnrin lókèèrè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n: "Sir, I'm so sorry. Should I clean it now?"]

Ẹ̀GBỌ́N: No, madam. Leave it.

ÀBÚRÒ: Kí ló ní?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó fẹ́ pa mí rẹ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kó pa á rẹ́! Ojú alààyè láàárín òkú, ta ló ń ṣe irú ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Tó bá pa ojú rẹ́, orúkọ nìkan ló máa kù. Sọ fún ọmọ Fèrè kó mú fọ́tò bàbá ẹ̀ wá, èyí tí kò dé nǹkan kan. Ọjọ́ tí ojú tiẹ̀ bá débẹ̀, kí wọ́n yọ tèmi. Kó tó dìgbà náà, kó fi mí sílẹ̀. Mo bá àwọn èèyàn yìí ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. N ò bẹ̀rù láti bá wọn dúró.

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́. Màá sọ fún un. Ẹ má dìde níbẹ̀, mò ń bọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Oníbàárà rẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Á dúró. Aunty, ẹ má bínú, ó dọ̀la — ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé aṣọ yẹn sílẹ̀ —

[Ilẹ̀kùn irin ń wọ́ lulẹ̀. Kọ́kọ́rọ́.]

ÀBÚRÒ: Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà wo ni kí n gbà wọlé?

Ẹ̀GBỌ́N: Gba géètì kejì, o máa — [krrr] — rárá, wọ́n ti yọ géètì. Wọ́n ti yọ gbogbo wọn.

ÀBÚRÒ: Kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí? Kí n lè sọ fún awakọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: N ò mọ̀. Orúkọ tuntun ni wọ́n fún ibi gbogbo. Ìsàlẹ̀ Ìkọ́ làwa máa ń pè é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa yé.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi, ó ń já o. Ta ni kí n béèrè tí mo bá dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Tó o bá béèrè Tẹ́ẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbí.

ÀBÚRÒ: Ta wá ni kí n béèrè?

Ẹ̀GBỌ́N: Béèrè Fèrè. Wọ́n á mú ẹ wá síbi tí mo —

[Ìpè já.]